Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àníyàn: Oúnjẹ, Aṣọ, Owó Ilé-Ìwé àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run

Ẹnu àwọn ènìyàn la ti gba àwọn ìbéèrè wọ̀nyí: ní kíláàsì Bíbélì kí ìsìn òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ní ìsọ̀ ní Ọjà Ọba l'Ádó, nínú mọ́tò tó ń lọ Ìkẹ́rẹ́, nílé òkú pàápàá. Ìdáhùn kan gùn ju èkejì lọ nítorí pé wàhálà kan wúwo ju èkejì lọ.

Ibo gan-an ni Jésù ti ní kí a má ṣàníyàn, àwọn wo ló sì ń bá wí?

Mátíù orí 6, láti ẹsẹ 25 dé 34, ni ọ̀pọ̀ mọ̀. Ó wà ní Lúùkù orí 12 pẹ̀lú. Níbẹ̀, ẹyẹ ìwò ni Jésù ní kí wọ́n wò. Àṣìṣe wa ni pé àárín ọ̀rọ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹsẹ 24 nínú Mátíù 6 ló ti sọ pé kò sí ẹni tó lè sin olúwa méjì, pé a kò lè sin Ọlọ́run ká tún sin mámónì, ìyẹn owó. Orí ọ̀rọ̀ ọ̀gá méjì yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ àníyàn lé. Ní ti Lúùkù, ọ̀rọ̀ ogún ló dá a sílẹ̀: ọkùnrin kan ní kí Jésù bá òun sọ fún arákùnrin òun kó pín ogún fún òun. Ọmọ Èkìtì tó bá ti jókòó ní ìpàdé ẹbí lórí ilé bàbá àti oko kòkó mọ bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Jésù kọ̀, kò bá wọn pín nǹkan kan. Ó pa òwe olówó tó fẹ́ wó àká rẹ̀ kó kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ, tó sì kú lóru ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ló wá yíjú sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tí kò ní àká rárá, ó ní kí wọ́n má ṣàníyàn. Olówó tó ń kó jọ àti tálákà tí àyà rẹ̀ ń já, ìwàásù kan náà ló bá àwọn méjèèjì wí.

Àwọn tó ń gbọ́ ọ ní Gálílì kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Apẹja wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà nínú wọn, alágbàṣe tó ń gba dénárì kan fún iṣẹ́ ọjọ́ kan wà nínú wọn, owó-orí sì wà lọ́rùn gbogbo wọn. Nínú orí 6 yẹn kan náà, ní ẹsẹ 11, ló ti kọ́ wọn láti máa tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tó bá wá ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ti yó ni, kò tíì kà á dé òkè.

Ṣé kí n wá jókòó sílé, kí n máa gbàdúrà, kí Ọlọ́run máa pèsè?

Rárá o. Àwọn ẹyẹ tí Jésù ní kí a wò kì í jókòó sínú ìtẹ́ retí oúnjẹ. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n ti jáde. Pọ́ọ̀lù náà sọ ọ́ ní Tẹsalóníkà Kejì 3:10 pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó má jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹsẹ yẹn na ọmọ tó jáde ní yunifásítì ní Adó tàbí ní Ọ̀yẹ́, tó ń wá iṣẹ́ láti ọdún yìí wá tí kò rí. Ẹni tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Ẹni tí iṣẹ́ kọ̀ kọ́.

Àgbẹ̀ Èkìtì mọ ọ̀rọ̀ yìí ju oníwàásù lọ. Nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, ó ń gé iṣu tí ọmọ rẹ̀ ìbá jẹ, ó ń rì í sínú ebè, ó sì mọ̀ pé iṣu tuntun ṣì di oṣù Keje, oṣù Kẹjọ. Láàárín ìgbà náà, àká á gbẹ, ẹ̀bà á di oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Á sì máa roko, á máa gbé ewé iṣu gun igi, á máa lé ewúrẹ́ kúrò ńbẹ̀. Ohun tí kì í ṣe ni pé kí ó máa hú ebè ní àràárọ̀ láti wò ó bóyá iṣu ti ń ta. Sáàmù 126 mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: ó ń sunkún bó ṣe ń lọ, irúgbìn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ń dá èésú, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni?

Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Jósẹ́fù gba ìdá márùn-ún irè oko Íjíbítì pamọ́ fún ọdún méje, Ọlọ́run ló sì fi hàn án pé ìyàn ń bọ̀ (Jẹ́nẹ́sísì 41). Òwe orí 6 rán ọ̀lẹ lọ sọ́dọ̀ èèrà tó ń kó oúnjẹ jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àmọ́ ìtàn mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run rọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù, wà ní Ẹ́kísódù 16. Òṣùwọ̀n ómérì kan ni oníkálukú gbọ́dọ̀ kó fún ọjọ́ kan. Àwọn tó fi ṣẹ́kù di àárọ̀, ìdin bọ́ sí tiwọn, ó sì ń rùn. Ọjọ́ kẹfà ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kó ìlọ́po méjì, ti ọjọ́ yẹn kò sì bàjẹ́. A rí i pé ìpamọ́ tí ọgbọ́n ń ṣe wà, èyí tí ẹ̀rù ń ṣe náà sì wà. Báwo la ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ gbọ́ bí olówó inú Lúùkù 12 ṣe ń sọ̀rọ̀: irè mi, àká mi, ẹrù mi, ọkàn mi. Kò sí Ọlọ́run nínú ètò rẹ̀, kò sí aládùúgbò. Bí ará ilé yín bá kan ilẹ̀kùn lóru, tó gbé ọmọ tí ibà ń ṣe dání, ṣé owó yẹn lè jáde? Bó bá lè jáde, ẹ máa dá èésú yín lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Owó àjẹmọ́nú mi kò tíì jáde. Ẹ̀yin náà tún ní kí n má ṣàníyàn?

Ẹ kú ìfaradà, Bàbá. A kò ní fi ẹsẹ Bíbélì di yín lẹ́nu.

Ìnira yín kì í ṣe àròsọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó mọ́tò àti iye gààrì sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí owó-oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà tó di 70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, ọjà ti sáré kọjá rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì ti ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe aláìnígbàgbọ́ bó bá mí kanlẹ̀.

Àníyàn tí Jésù ń sọ yàtọ̀ sí ìbànújẹ́, ó sì yàtọ̀ sí kí ènìyàn bínú sí ìrẹ́jẹ. Sáàmù 13 ń bi Olúwa pé yóò ti pẹ́ tó, inú Bíbélì náà ló sì wà, ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́ kúrò. Jákọ́bù 5:4 ní owó-ọ̀yà alágbàṣe tí a fi dù ú ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa. Nínú Lúùkù 18, opó tí Jésù fi kọ́ni ní àdúrà kì í ṣe ẹni tó dákẹ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú adájọ́ títí wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ kọ lẹ́tà yín. Ẹ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí ìpàdé. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ ni kí ẹ gbàgbé ohun tí wọ́n jẹ yín, ìrọ̀rùn ara rẹ̀ ló ń wá.

Èyí tí Jésù kò fẹ́ ni kí owó tí kò tíì dé yẹn di ọ̀gá yín, kó máa jí yín lóru, kó máa pinnu bóyá ẹ máa rẹ́rìn-ín sí ọmọ-ọmọ yín. Pọ́ọ̀lù ní òun ti kọ́ bí a ṣe ń yó àti bí ebi ṣe ń pani (Fílípì 4:12), ẹ̀wọ̀n ló sì wà nígbà tó kọ ọ́. Ó ní òun *kọ́* ọ ni. Ẹ̀kọ́ sì máa ń gba àkókò, ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí lẹ mọ̀ jù.

Ṣé Ọlọ́run wá ṣèlérí pé ebi kò ní pa onígbàgbọ́ láé?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń yẹ̀ sílẹ̀ fún. Dáfídì ní òun ti wà ní èwe, òun sì ti dàgbà, òun kò tíì rí i kí a kọ olódodo sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun kò rí i kí irú-ọmọ rẹ̀ máa ṣagbe oúnjẹ (Sáàmù 37:25). Ẹ̀rí Dáfídì nìyẹn, a sì gbà á. Ṣùgbọ́n Hébérù 11 tó kún fún ìṣẹ́gun sọ pẹ̀lú pé àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ rìn káàkiri nínú awọ àgùntàn, wọ́n di aláìní, ojú pọ́n wọn. Pọ́ọ̀lù ka ebi àti òùngbẹ mọ́ ohun tí ojú òun rí (Kọ́ríńtì Kejì 11:27). Àwọn wọ̀nyí kò ṣẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn kò sì kéré.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 11. Ágábù sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàn ń bọ̀, ó sì mú nígbà Kíláúdíù, olú-ọba Róòmù. Mánà kò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹyẹ ìwò kankan kò sì gbé búrẹ́dì wá. Ìdáhùn Ọlọ́run ni pé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Áńtíókù dá owó, oníkálukú bí agbára rẹ̀ ti tó, wọ́n sì fi rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sí àwọn ará ní Jùdíà. Ọwọ́ ìjọ ni ìpèsè Ọlọ́run gbà kọjá. Bí ìjọ bá dijú mọ́ owó, ìpèsè náà kò ní dé ibi tí a fi rán an.

Ìdí nìyẹn tí Jákọ́bù 2:15-16 fi le tó bẹ́ẹ̀. Ará wà ní ìhòòhò, kò ní oúnjẹ òòjọ́, ẹnìkan nínú yín sì wí fún un pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kó yá iná, kó yó, kò sì fún un ní nǹkan kan. Àwọn àgbà ti sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ka Mátíù 6 sí etí ẹni tí ebi ń pa gbọ́dọ̀ gbé nǹkan dání lọ.

Ní Èkìtì níbí, àyè rẹ̀ wà fún wa lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ Ìkórè, ẹ máa ń rí i bí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ àti adìyẹ ṣe ń kún iwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn náà la máa gbé wọn ta ní gbàǹjo, olówó á máa fi iye lé iye, àwọn ènìyàn á máa pàtẹ́wọ́. Owó náà ń tún òrùlé ṣe, kò burú. Ṣùgbọ́n opó tó jókòó lẹ́yìn ńkọ́, tí kò rí iṣu rà láti oṣù Karùn-ún? Léfítíkù 19:9-10 ní kí olóko má kórè igun oko rẹ̀ tán, kó fi sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Diutarónómì 14:28-29 ní ìdámẹ́wàá ọdún kẹta-kẹta jẹ́ ti ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n yó. Kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ìyá ìjọ kọ́kọ́ ya ti àwọn opó àti aláìní sọ́tọ̀, kí wọ́n gbé e lọ bá wọn nílé lálẹ́ kí ojú má baà ti àwọn tó ń gbà á. Àwọn ìjọ kan ń ṣe é, òrùlé wọn kò sì tíì wó.

Wòlíì kan ní kí n fi owó ilé-ìwé ọmọ mi gbin irúgbìn, pé yóò padà wá ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má fún un. Ẹ lọ san owó ilé-ìwé.

Tímótì Kìíní 5:8 ní ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Nínú Máàkù 7, Jésù bínú sí àwọn tó ń pe owó tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú òbí ní Kọ́bánì, ẹ̀bùn fún Ọlọ́run. Wọ́n á mú ìtàn opó Sárẹ́fátì, tó fi oúnjẹ tó kù ú kù ṣe àkàrà fún wòlíì Èlíjà nígbà ìyàn, wá láti fi tì yín. Ẹ ka Àwọn Ọba Kìíní 17 dáadáa: Èlíjà kò gbé àkàrà lọ kó má tún padà wá. Ilé opó náà ló gbé, oúnjẹ kan náà ni òun, opó àti ará ilé rẹ̀ jọ ń jẹ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ bi wòlíì yín bóyá ó lè wá jẹun nílé yín títí ìyàn á fi tán.

Ṣé kì í ṣe àwọn bíi Àpọ́sítélì Babalọlá ni irú ìgbẹ́kẹ̀lé yìí wà fún?

Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú títì ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní ọdún 1928, nígbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ tó sì gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ dájú lóṣooṣù. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà, ó sì tàn dé ilẹ̀ Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní 1959, àwọn ènìyàn sì ṣì ń gun òkè àdúrà níbẹ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó gbàgbọ́ nípasẹ̀ rẹ̀ padà sí oko wọn. Wọ́n ń gbin iṣu àti kòkó, wọ́n ń tà á, wọ́n ń fi rán ọmọ nílé-ìwé, wọ́n sì ń gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù pàápàá ń pa àgọ́ (Ìṣe 18:3). Bí ẹnìkan bá jẹ́rìí pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀ tí Ọlọ́run sì pèsè, ẹ yìn Ọlọ́run fún un. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ̀yin náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Oúnjẹ kọ́ ni àníyàn tèmi. Ti òkú ìyá wa ni. Aṣọ ẹbí, màlúù, ohun èlò orin. Ojú máa tì mí.

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àníyàn wa ní Èkìtì, oúnjẹ kọ́ ló wà nídìí rẹ̀, ẹnu ayé ni. Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ là ń pe ara wa, a sì ti gbà pé iye màlúù ni wọ́n fi ń wọn iyì. A ti rí ọmọ tó fi gbèsè ọdún méjì sin ìyá, ìyá kan náà tó ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ìdajì-ìdajì nígbà ayé rẹ̀ kó má baà tètè tán.

Aṣọ wà lára ohun tí Jésù dárúkọ. Ó ní Sólómọ́nì nínú gbogbo ògo rẹ̀ kò wọṣọ tó òdòdó inú pápá. Ẹ pe ẹbí jọ, ẹ sọ iye tó wà lọ́wọ́, ẹ ṣe ìsìn ìdágbére, ẹ se oúnjẹ fún àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ sin ìyá yín. Àwọn kan máa sọ̀rọ̀. Wọn ìbá sọ̀rọ̀ bí ẹ tilẹ̀ pa màlúù márùn-ún.

Áàpù ayánilówó orí fóònù ńkọ́? Ìṣẹ́jú márùn-ún ni owó fi ń wọlé.

Òwe 22:7 ní ayáwó ni ẹrú awínni. Àwọn kan nínú wọn tún máa ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín bí ọjọ́ bá kọjá. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún ẹnìkan. Bí ẹ bá wà lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Mo ń gbàdúrà, síbẹ̀ àyà mi ń já, n kò rí oorun sùn. Ṣé ìgbàgbọ́ mi kéré ni?

Ó lè kéré, kò sì burú. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí Jésù pè ní onígbàgbọ́ kékeré, kò lé wọn lọ. Nígbà tí Èlíjà ní kí òun kú, áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i, ó jẹ àkàrà, ó mu omi, ó tún sùn (Àwọn Ọba Kìíní 19). Oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí àìsùn náà bá ti pẹ́, tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ilé-ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Gbogbo àìsùn kọ́ ni àìnígbàgbọ́.

Lálẹ́ tí kò sí owó ọ̀la, báwo ni kí n ṣe gbàdúrà?

Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ má kan sọ pé "Olúwa, ṣàánú mi." Ẹ sọ fún un pé owó gààrì ni, owó ìdánwò ọmọ ni, iye rẹ̀ nìyí. Fílípì 4:6 ní kí a fi ìbéèrè wa hàn fún Ọlọ́run pẹ̀lú ọpẹ́, nítorí náà, ẹ rántí ohun kan tó wọlé lónìí, bó ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí ará ilé kejì gbé wá. Ẹ ya ohun tó jẹ́ ti ọ̀la sọ́tọ̀ kúrò lára ti oṣù tó ń bọ̀. Ti oṣù tó ń bọ̀ kò ní ṣeé ṣe lálẹ́ òní bó ti wù kí ẹ rò ó tó. Bí tọkọtaya bá ni yín, ẹ jọ gbà á, kí ọ̀kan má máa ru ú níkọ̀kọ̀ fún èkejì.

Tó bá di àárọ̀, ẹ jáde lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí ibi tí ẹ ti ń wá a. Kí ẹ sì sọ fún ẹnìkan nínú ìjọ. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ẹ máa sọ fún, ẹ lọ bá Ìyá Ìjọ nílé wọn kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé. Wọ́n ti gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì ní kéde yín.